Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: LẸ́TÀ GBẸ̀FẸ̀ TÍ A FI Ń GBA ÀGBÀ NÍMỌ̀RÀN

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó fẹ́ fi owó tí ó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ ra ilé àtijọ́ kan fún ìyá yín ní Òkukù. Ó ní kí o bá òun lọ wo ilé náà. Kọ lẹ́tà sí i. Sọ ohun tí o rí fún un, kí o sì gbà á nímọ̀ràn bóyá kí ó ra ilé náà tàbí kí ó má rà á.

ÀLÀYÉ LÓRÍ ÌBÉÈRÈ

Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ni yóò ka ìbéèrè yìí tí yóò rò pé àròkọ aṣàpèjúwe ni wọ́n ní kí òun kọ. Yóò sọ iye yàrá tí ó wà nínú ilé, yóò sọ irú ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún, yóò yin àgbàlá rẹ̀, yóò sì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó dàbọ̀. Irú àròkọ bẹ́ẹ̀ lè dùn létí, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè.

Ohun mẹ́ta ni ìbéèrè yìí ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Èkíní ni ohun tí o fojú ara rẹ rí. Èkejì ni iye tí yóò náni láti tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe. Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀ràn tí ó ti inú méjèèjì jáde. Ìmọ̀ràn tí kò ní ìṣirò lẹ́yìn, àbá lásán ni. Ìṣirò tí kò sì ní ìmọ̀ràn ní ìparí, agbedeméjì ọ̀nà ni ó fi ẹni tí a kọ̀wé sí sílẹ̀ sí.

Rántí pẹ̀lú pé àbúrò ni ọ́. Bí o tilẹ̀ fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ohun tí ó fẹ́ràn kò dára, o kò gbọdọ̀ pàṣẹ fún un, o kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹ̀yin” ni kí o máa lò fún un, kì í ṣe “ìwọ.” Àwọn àgbà ní, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n rẹ wúlò, ṣùgbọ́n fi ọ̀wọ̀ gbé e kalẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ O MỌ̀ KÍ O TÓ MÚ KÁLÁMÙ

Ẹni tí kò mọ ilé kò lè kọ̀wé nípa ilé. Òkukù ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ìkìrun gba Ìnísà kọjá lọ sí Ọ̀ffà, ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Kánò sì gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí owó iṣu àti owó kòkó ń wọlé, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ agbègbè yìí ṣí òrùlé koríko kúrò, wọ́n kan páànù. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ara ògiri amọ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún. Púpọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì wà títí di òní, àwọn kan sì wà fún títà.

Má ṣe fi ojú tínrín wo ilé amọ̀. Bí orí rẹ̀ kò bá jò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ, ó lè pẹ́ ju ẹni tí ó kọ́ ọ lọ. Ohun mẹ́ta ni ó máa ń pa á: omi tí ó ti òkè wá, omi tí ó ti ìsàlẹ̀ wá, àti ikán. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ pàápàá lè di ìbòjú lásán. Bí omi bá ti ẹ̀là wọ inú amọ̀, sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ó tètè gbẹ. Amọ̀ yóò máa rọ̀ lábẹ́lẹ̀, ojú ògiri yóò sì máa dán. Nítorí náà ni a ṣe máa ń fi ìka kan ara ògiri: ibi tí ó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ǹtì ti kúrò lára amọ̀ níbẹ̀.

Àléébù ilé pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tóbi bákan náà. Pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, àròkọ rẹ yóò sì létò.

Ọ̀wọ́ kìíní ni àléébù tí ó lè pa ilé: ìpìlẹ̀ tí ó rì, ògiri tí ó tẹ̀, ẹ̀là tí ó la ògiri já, igi òrùlé tí ikán ti jẹ. Bí a kò bá tún ìwọ̀nyí ṣe, kò sí ilé mọ́.

Ọ̀wọ́ kejì ni àléébù tí ó lè pa ará ilé bí ilé tilẹ̀ dúró. Wáyà iná tí ara rẹ̀ ti bó wà lára wọn. Ṣáláńgá tí ó sún mọ́ kànga náà wà lára wọn. Àwọn elétò ìlera a máa fẹ́ kí nǹkan bíi mítà 30 wà láàárín méjèèjì. Àjà ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tí a máa ń rí nínú ilé tí wọ́n kọ́ láyé ọjọ́un wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé gbogbo oríṣi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Bí ó bá fọ́, tàbí tí a bá fi ayùn rẹ́ ẹ, eruku rẹ̀ ni a ń fà símú.

Ọ̀wọ́ kẹta ni àléébù ojú: ọ̀dà tí ó ti ṣá, ilẹ̀kùn tí ń dún, ilẹ̀ tí ó há díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀nyí lè dúró di ọdún mìíràn. Ohun tí ó ṣeni láàánú ni pé ọ̀wọ́ kẹta yìí ni ojú kọ́kọ́ ń rí, òun náà sì ni ẹni tí ń ta ilé máa ń tètè tún ṣe.

Àléébù kan tún wà tí bíríkìlà kò lè tún ṣe, èyí ni ti ẹni tí ó ni ilé. Ilé ẹbí kì í ṣe ilé ẹnì kan. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ilé-ẹjọ́ ti fi múlẹ̀ pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ohun ìní ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbààgbà ẹbí, wọ́n lè pe ẹjọ́ kí wọ́n sì dá títà náà nù. Béèrè pẹ̀lú bóyá ojú oórì wà nínú ilé tàbí ní àgbàlá, nítorí àwọn baba wa a máa sin òkú sínú ilé, àwọn ọmọ olóògbé a sì máa fẹ́ wá síbẹ̀.

ÌLAPA-ÈRÒ

1. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí a kọ lẹ́tà, àti ìkíni sí ẹ̀gbọ́n.
2. Ìfáàrà: ìkíni ilé, àti ìdí tí a fi kọ̀wé.
3. Bí a ṣe wo ilé náà àti àwọn tí ó bá wa lọ.
4. Ohun rere tí ó wà lára ilé.
5. Àléébù, láti orí èyí tí ó wúwo jù dé orí èyí tí ó fúyẹ́.
6. Ìṣirò owó àtúnṣe.
7. Ọ̀rọ̀ ẹbí tí ó ni ilé.
8. Ìmọ̀ràn àti ìkádìí.

ÀPẸẸRẸ LẸ́TÀ

Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 00,
Òkukù,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá Èkó. Ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbàgbọ́ pé àlàáfíà ni gbogbo wọn wà. Ara àwa náà le níbí. Màmá ní kí n kí yín, wọ́n sì ní elùbọ́ tí ẹ béèrè ti gbẹ, ọkọ̀ tí yóò gbé e wá ni àwọn ń dúró dè.

Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ ilé tí ẹ ní kí n bá yín wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni mo kọ́kọ́ lọ. Oòrùn ràn, ilé náà sì dùn ún wò. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tún padà lọ, lẹ́yìn òjò tí ó rọ̀ mọ́jú. Bíríkìlà kan àti káfíńtà kan bá mi lọ lọ́jọ́ náà. Ohun tí a rí lẹ́yìn òjò kì í ṣe ohun tí oòrùn fi hàn wá.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ohun rere bẹ̀rẹ̀. Ilé náà ní yàrá mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ sì wà láàárín wọn. Ó sún mọ́ ọjà, Màmá kò ní í máa ru ẹrù rìn jìnnà mọ́. Bíríkìlà gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri iwájú wò, ó bá òkúta tí wọ́n tò sí ìpìlẹ̀, ó ní kò rì rárá. Ó ta okùn rẹ̀ sí ògiri ọ̀tún àti ti òsì, àwọn méjèèjì dúró ṣánṣán. Kànga náà wà ní àgbàlá, kì í sì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn gẹ́gẹ́ bí àwọn aládùúgbò ti wí.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, orí ilé náà kò dára. Ọ̀dà pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sára páànù ni kò jẹ́ kí a rí ìpẹtà rẹ̀ láti ìta. Nígbà tí káfíńtà gun inú àjà, ó ké sí wa pé òun ń rí ojú ọ̀run. Ó fi ọ̀bẹ gún igi òrùlé, ọ̀bẹ náà wọlé bí ẹni gún iṣu sísè. Nínú ogún igi tí ó yẹ̀ wò, mọ́kànlá ni ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ó ní páànù tuntun kò ṣeé kàn mọ́ irú igi bẹ́ẹ̀, gbogbo òrùlé ni a ó ṣí.

Ògiri ẹ̀yìn ni èkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni omi òrùlé ń dà sí láti ọdún gbọọrọ, kò sì sí gọ́tà tí yóò gbé e lọ. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí a kàn án, ó dún bí igbá òfìfo. Ẹ̀là kan wà lókè fèrèsé tí ìka mi wọ̀. Bíríkìlà ní bí ẹ̀là bá wà lójú sìmẹ́ǹtì nìkan, kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n èyí la ògiri já sínú yàrá, ògiri náà sì ti tẹ̀ síta. Yóò ní láti wó o, kí ó sì fi búlọ́ọ̀kù tún un mọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Èyí ti lanu tán.

Àwọn yòókù kò tó ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ewu wà nínú méjì. Wáyà iná ti gbó, ara rẹ̀ ti bó ní ibi mẹ́ta. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni ó sì wà láàárín ṣáláńgá àti kànga. Igun àgbàlá tí ó jìnnà jù sí kànga ni a ó gbẹ́ òmíràn sí, a ó sì dí ti àtijọ́. Títí di ìgbà tí a bá ṣe é, omi kànga náà kò yẹ ní mímu.

Iye tí àwọn oníṣẹ́ náà ṣírò nìyí:

Òrùlé, igi àti páànù: ₦1,600,000
Wíwó ògiri ẹ̀yìn àti títún un mọ: ₦750,000
Ẹsẹ̀ ògiri àti gọ́tà: ₦350,000
Ṣáláńgá tuntun: ₦300,000
Wáyà iná: ₦250,000
Àpapọ̀: ₦3,250,000

N kò fi ọ̀dà àti ilẹ̀kùn kún un, ìwọ̀nyẹn lè dúró. Ṣùgbọ́n ilé àtijọ́ dà bí ẹ̀wù àtijọ́. Bí a bá ń rán ibi tí ó ya, ibòmíràn lè ya. Nítorí náà ni mo ṣe fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e fún ohun tí a kò tí ì rí, èyí jẹ́ ₦650,000. Gbogbo rẹ̀ wá di ₦3,900,000. Iye tí wọ́n ń pe ilé náà ni ₦4,500,000. Bí ẹ bá san án bẹ́ẹ̀, ilé tí ẹ rò pé ẹ rà ní mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀, ₦8,400,000 ni yóò gbà lọ́wọ́ yín kí Màmá tó lè sùn nínú rẹ̀. Ẹ sì ti sọ fún mi pé ₦6,500,000 ni gbogbo ohun tí ó wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ẹni tí ó fi ilé náà hàn wá kì í ṣe olórí ẹbí. Mo fi ọgbọ́n béèrè, mo sì gbọ́ pé ìyá àgbà kan àti àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn kò tí ì gbọ́ sí títà náà. Ojú oórì bàbá wọn sì wà lẹ́yìn ilé. Bí a bá fẹ́ dá wọn lóhùn rárá, ó yẹ kí olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà jókòó, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé lójú agbẹjọ́rò, kí ọ̀rọ̀ ojú oórì náà sì wà nínú ìwé.

Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá gbà mí láyè, ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ má ṣe san ₦4,500,000. Bí a bá yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó yín, ₦2,600,000 ni ó kù tí ẹ lè fi ra ilé náà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò yìí hàn wọ́n, kí a má sì kọjá iye yẹn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ilé wọn sílẹ̀ fún wọn. Ilẹ̀ tí Bàbá wa fi sílẹ̀ lẹ́yìn agboolé ṣì wà. Bíríkìlà ní owó yín lè kọ́ yàrá méjì àti pálọ̀ kékeré síbẹ̀, kí ó sì kan òrùlé rẹ̀; ọ̀dà àti àjà ni yóò ṣẹ́ kù. Kò ní í tóbi tó èyí, ṣùgbọ́n kò ní í jò.

Mo mọ̀ pé Màmá ti fi ojú sí ilé yẹn. Lálẹ́ àná ni wọ́n ń sọ ibi tí wọn yóò gbé àpótí aṣọ wọn sí. Ó dùn mí láti kọ ohun tí mo kọ. Ṣùgbọ́n ó sàn kí inú wọn bàjẹ́ díẹ̀ lónìí ju kí ògiri wó lù wọ́n ní òru òjò lọ. N kò tí ì sọ nǹkan kan fún wọn. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín ni ó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Mo ń retí èsì yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ó dàbọ̀ o.

Èmi ni àbúrò yín,
Lágbájá.

ÀKÍYÈSÍ

1. Lẹ́tà yìí gùn ju èyí tí àyè yóò gbà ọ́ láti kọ nínú ìdánwò lọ. A jẹ́ kí ó gùn kí o lè rí bí a ṣe ń to kókó. Ìwọ lè mú àléébù méjì péré, kí o sì sọ wọ́n yanjú. “Lágbájá” ni a kọ sí ìsàlẹ̀. Orúkọ àbísọ kan ṣoṣo ni ìwọ yóò kọ sí i, nítorí lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ ni.

2. Wo bí ohun rere ṣe ṣáájú àléébù. Kì í ṣe láti fi pọ́n ilé náà. Ẹni tí ó bá rí ire tí ó sì sọ ọ́, a ó gbà á gbọ́ nígbà tí ó bá sọ ibi.

3. Wo ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àbúrò kò kàn sọ pé òrùlé bàjẹ́. Ó sọ pé ọ̀bẹ wọ inú igi, ó sì sọ iye igi tí wọ́n yẹ̀ wò. Kò sọ pé ògiri kò dára. Ó sọ ohun tí ó gbọ́ nígbà tí wọ́n kàn án. Ẹ̀rí ni ó ń sọ àròkọ di òtítọ́ lójú ẹni tí ń kà á.

4. Iye owó tí ó wà nínú lẹ́tà yìí, àpẹẹrẹ ni. Owó ọjà kì í dúró sójú kan. Ohun tí ó yẹ kí o dì mú ni ọ̀nà ìṣirò rẹ̀: bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń rà, yọ owó àtúnṣe àti owó ohun àìròtẹ́lẹ̀ kúrò, èyí tí ó bá kù ni owó tí ó lè san fún ilé. Bí ó bá jẹ́ ní tòótọ́ ni ẹ fẹ́ ra ilé, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣírò rẹ̀, nítorí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lè bu iyọ̀ sí i.

5. Ìpínrọ̀ tí ó sọ nípa Màmá ni ọkàn lẹ́tà yìí. Nítorí ìyá ni a ṣe ń ra ilé, nítorí rẹ̀ náà ni a sì ṣe ń sọ pé kí a má rà á ní iye tí wọ́n pè é. Bí o bá yọ ìpínrọ̀ náà kúrò, ìṣirò nìkan ni yóò kù, a kì í sì í kọ ìṣirò lásán sí ẹ̀gbọ́n ẹni.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Kọ èsì ẹ̀gbọ́n sí lẹ́tà òkè yìí. Jẹ́ kí ó gba apá kan nínú ìmọ̀ràn náà, kí ó sì kọ apá kan, kí ó sọ ìdí rẹ̀.

2. Kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ sí olórí ẹbí tí ó ni ilé náà, kí o fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dín owó kù. Rántí pé àdírẹ́sì méjì àti àkọlé ni lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ń fẹ́.

3. Wo ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò rẹ láti ìta. Kọ àléébù mẹ́fà tí o rí sílẹ̀, kí o sì pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta tí a ṣàlàyé nínú ẹ̀kọ́ yìí.

4. Kọ àròkọ aláríyànjiyàn lórí kókó yìí: “Ó sàn kí ènìyàn kọ́ ilé kékeré tuntun ju kí ó ra ilé ńlá àtijọ́ lọ.”

5. Ṣàlàyé ìtumọ̀ òwe yìí, kí o sì lò ó nínú ìpínrọ̀ kan: “Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.”